Ṣéènì Voldis

Yìnyín ti dí ẹnu gáréèjì ní Valmiera.
Skaidrīte ń fi sáńdípépà ha ọ̀dà pupa
títí irin fi funfun bí eyín ọmọdé.
"Kí ni pupa ṣe ọ́?" Bàbá àgbà ló béèrè.
Kò fèsì. Sípókù ló ń kà: mẹ́rìndínlógójì,
ọ̀kan tẹ̀ bí ìka Voldis fúnra rẹ̀.

Ogún ọdún ni ṣéènì yìí fi gbé bàbá lọ sílé-iṣẹ́ wàrà;
ó wá di ti kẹ̀kẹ́ kékeré aláwọ̀ ewé.

Oṣù kẹrin. Òkè amọ̀.
Táyà méjèèjì kúrò nílẹ̀,
gbogbo wa pa lọ́lọ́—

gbì!

Ìgbọ̀nwọ́ bó. Voldis sáré dé, tòun tọ̀pá:
"Ṣéènì mi ńkọ́? Ṣé kò já?"
Ọmọ rẹ́rìn-ín, ẹrẹ̀ kún eyín.