Okùn Kànga

Ọdún mẹ́tàdínlógún ni mo fi tẹ òǹtẹ̀
nílé iṣẹ́ owó orí, l'Ájàṣẹ́,
nídìí fèrèsé tó kọjú sí ọ̀sà.
Àtàǹpàkò mi ọ̀tún ti le bí èkùrọ́.
Ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n oṣù, bí òjò ń rọ̀, bí ọba wàjà,
owó mi á wọ báǹkì.
Òun la fi kan páànù ilé Ìyá mi ní Kétu,
òun ni ọkọ mi fi ń hanrun lóru láìtají.

Lọ́jọ́ Ẹtì, mo kọ lẹ́tà,
ìlà mẹ́fà péré, lédè Faransé.
Músíọ̀ Húnsù kà á, ó bọ́ jígí ojú rẹ̀,
ó nù ún, ó tún un kà.
"Màdáámù, ta ló ṣẹ̀ ọ́?"
Kò sẹ́ni tó ṣẹ̀ mí.
Ilé ìwé ni mò ń lọ.
Ó wo irun mi. Ewú ibẹ̀ kò ṣe é fi pamọ́.

Sẹlẹsitíìnì, tí a jọ ń pín tábìlì, ní
a kì í tìtorí òjò tó ṣú da omi àmù nù.
Òótọ́ ni.
Ṣùgbọ́n omi àmù tó pẹ́ jù a máa bí tanwíji.

Bó bá ṣe pé wọ́n ní sùúrù, mi ò bá sọ fún wọn
pé ní Kétu wa, omi jìnnà sílẹ̀.
Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, mo máa ń ka okùn
bó ti ń gba ọwọ́ Ìyá mi kọjá,
apá kan, apá méjì, títí dé mẹ́rìndínlógójì,
kí korobá tó dún nísàlẹ̀, pọ́ọ̀,
bí ẹni tó ń jẹ́ni lóhùn látojú oorun.
Mo bi í pé ta ló gbé omi lọ síbẹ̀.
Ó ní kí n di okùn mú.

Ìbéèrè yẹn ti dàgbà nínú mi, ó ti bímọ.
Nínú ìwé owó orí, kò síbi tí mo lè kọ ọ́ sí.

Ráìmì ò jà. Ó mú bíírò, ó ṣírò:
owó ilé ìwé àwọn ọmọ, iná, epo alùpùpù,
oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru Màmá.
Ó fa ìlà sí ìdí rẹ̀.
Èyí tó kù kò lè ra àpò ìrẹsì kan.
Ó yí ìwé náà sọ́dọ̀ mi,
ó lọ pa iná ìta.

Lọ́jọ́ Àìkú, mo gba Pọ́bẹ̀ lọ sílé.
Ẹ̀rọ omi àgbàlá ti gbẹ láti ọjọ́ mẹ́ta.
"Ọdún mélòó?" ni Ìyá mi bi mí.
Mẹ́rin. Bóyá márùn-ún.
Ó ka nǹkan lórí ìka, kò sọ ohun tó ń kà.
Ó na ọwọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó fa okùn àtijọ́ jáde,
ó fi ọwọ́ méjèèjì yẹ̀ ẹ́ wò.
"Kò tíì já," ló wí.
N ò bi í bóyá okùn ló ń sọ.