Ẹsẹ̀ Olè Lórí Àpáta

Aago méjì òru ni, ní Ògo-Olúwa.
Ẹ̀rọ amúlétutù ń mí bí ẹni tó ní ikọ́ fée.
Èmi nìkan, ife tíì tó ti tutù,
àti ọgbọ́n àtọwọ́dá tí kì í sùn.

Ọ̀gá Fámúyìwá ló mú un wá lóṣù Ẹrẹ́nà.
Ó ní: "Owó iléeṣẹ́ wa ń jò.
Apẹ̀rẹ̀ la fi ń pọnmi, a ò sì mọ ihò tó ń gbà lọ.
Ẹ kó gbogbo ìpè ìlú yìí fún un, kó kà á."
A kó o fún un. Ìpè Àlẹ́kúwodò,
ìpè ọmọ tó ń bẹ ìyá rẹ̀ fún owó ilé-ìwé,
ìpè onígbèsè tó gbé e tán tí kò sọ̀rọ̀.
Kò gbọ́ ohùn ẹnì kankan nínú wọn.
Ta ló pe ta, ìṣẹ́jú mélòó, náírà mélòó:
ìyẹn nìkan loúnjẹ rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ó mú olè gidi.
Yàrá kan ní Òkè-Báálẹ̀, síìmù méjìlélọ́gbọ̀n lórí tábìlì,
ìpè ìlú òyìnbó ń gba ẹ̀yìnkùlé wọlé
bí ẹni pé ará Ìkìrun ló ń pe ará Ẹdẹ.
Ọ̀gá ra mínírà fún gbogbo wa.

Lóru yìí, ó tún tan iná pupa.
Nọ́ńbà kan, ẹ̀ẹ̀mọ́kànlélógójì ló pè láàárín òru kan,
kò sí èyí tí wọ́n gbé, kò sí èyí tó mówó wá.
Ẹ̀rọ ní: Èyí kì í ṣe ènìyàn. Ẹ tì í pa.
Ìka mi ti wà lórí bọ́tìnnì.
Àmọ́ nọ́ńbà yìí kì í pè lásìkò ìrun àsùbáà.
Ẹ̀rọ wo ló ń kírun?

Mo gun ọ̀kadà lọ sí ilé ìlagi lẹ́yìn ibùdó rélùwéè.
Bàbá Ráímì ni. Ọlọ́dẹ. Ọmọ ọdún méjìdínláàádọ́rin.
Rọ́bà ló fi di ẹ̀yìn fóònù rẹ̀ mú.
"Múfútáù wà ní Ìgbọ̀nà," ó ní, "Jìmọ́ wà ní Sábó,
Látì ń ṣọ́ àwọn tó ń ta síméńtì.
Mo bá fíláṣì wọn, wọ́n á fíláṣì mi padà.
Ìyẹn ni pé a ò sùn, a ò kú.
Lóru ọjọ́ tí Látì kò dáhùn, a sáré débẹ̀.
Ejò ni. Orí ló yọ ọ́."

Ó wò mí látòkè délẹ̀.
"Ẹ̀rọ yín tó rí mi nínú òkùnkùn yìí,
ṣé ó rí náírà méje tẹ́ ẹ máa ń yọ nínú káàdì mi
ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì,
fún orin tí mi ò tọrọ?"

Mi ò rí nǹkan sọ.
Èyí tó ń jò jáde la ní kó máa wá.
A ò sọ fún un pé kó wá èyí tó ń jò wọlé.
Mo padà dé ìdí iṣẹ́, mo yí ìbéèrè náà po,
ìlà kan péré.
Kò lọ́ra. Kò bi mí pé ta ló rán mi níṣẹ́.
Ẹgbàá mọ́kànlá nọ́ńbà láti Ìta-Olóòkan dé Dàda,
náírà méje, náírà méje, náírà méje.

Wọ́n ní olè ló mọ ẹsẹ̀ olè é tọ̀ lórí àpáta.
Àwa ti kọ́ irin ní ẹsẹ̀ títọ̀.
Ó tọ̀ ọ́, ó tọ̀ ọ́,
ó gun àtẹ̀gùn ilé wa,
ó dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn wa.

Mo tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, mo fi sábẹ́ ife Ọ̀gá.
Lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná pupa, mo kọ ọ́ pé: Ènìyàn ni.

Ọ̀gá ò tíì sọ nǹkan kan.
Láago méjì kọjá ogún ìṣẹ́jú lóru àná,
fóònù tèmi fúnra mi ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan.
Mo ṣẹ́jú padà.