Àgádá Sipíríìnì

Irin náà kò bẹ̀rẹ̀ ní ilé wa.
Abẹ́ tírélà ló wà, nídìí táyà ẹ̀yìn,
títí tírélà fi dojú dé létí Ògèrè
lóru ọjọ́ kan tí òjò kò tiẹ̀ rọ̀.
"Sùúrù Lérè" ni wọ́n kọ síwájú rẹ̀.
Àwọn onírin àlòkù tú u palẹ̀,
bàbá mi ra eegun kan nínú ẹ̀yìn rẹ̀.

Ṣówándé, olórí ẹ̀ṣọ́ òru, ló bẹ̀ wá níṣẹ́:
"Ẹ rọ ohun tí olè á rí
tí yóò rántí pé ìyá òun ń dúró nílé."
Láti ìgbọ̀nwọ́ dé orí ìka ló fi wọ̀n ọ́n.

Èmi ni mo wà nídìí ẹwìrì.
Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ti lọ kọ́ kọ̀ǹpútà ní Ṣàgámù.
Irin sipíríìnì kì í tètè gbọ́ràn:
ogún ọdún ló fi ń tẹ̀, tó ń nà;
o lù ú, ó fẹ́ padà sí bó ṣe wà.
"Fín in!" Mo fín in,
títí ó fi pọ́n bí ojú ẹni tí kò sùn.
Òòlù lọ, òòlù bọ̀.
Lọ́jọ́ kẹta, ó rì í sínú epo ẹ́ńjìnnì dúdú.
Ó ké. Bàbá mi ní irin kì í ké,
epo ló ń ké.
N kò tíì gbà.

Igi gúrófà ni èèkù.
Ọwọ́ mi ló kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́,
ṣùgbọ́n bàbá mi wà láàyè,
n kò ní ikú tí mo fẹ́ béèrè,
àfi ti dẹ́rẹ́bà Sùúrù Lérè.

Lóṣù kejì, Ṣówándé gbé e padà.
Ẹnu rẹ̀ ti ká bí eyín ọmọ ọdún méje.
Bàbá mi ń yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó ń wá ẹ̀jẹ̀.
"Olè kankan kò wá," ni Ṣówándé wí.
"Bọ́ọ̀sì ló dojú dé, níbẹ̀ náà.
Bẹ́líìtì há mọ́ ọmọdé kan láyà. Mo gé e.
Ilẹ̀kùn kọ̀, mo ki àgádá bọ àlàfo rẹ̀,
mo fi gbogbo ara tì í.
Kò dá, bàbá. Ó tẹ̀,
ó sì padà nà."

Bàbá mi fa òkúta ìpọ́nọ̀bẹ mọ́ra.
"Ẹgbẹ̀rún kan náírà, owó ìpọ́n."
Ọmọ Rẹ́mọ ni wá. Ṣówándé san án.
Gbogbo òwúrọ̀ ló fi pọ́n ọn,
ó sì fi eyín kíká kan sílẹ̀,
lẹ́bàá èèkù,
kò jẹ́ kí òkúta dé ibẹ̀.