Ẹja Tí Iná Kò Rí

Iwájú ilé wa ní Ayọ̀bọ́ ni ọ̀dà parí sí.
Ẹni tó bá ń wá oúnjẹ àwọn ará Jàpáàn
kì í wá a dé ibi tí ọ̀dà parí sí.

Ṣùgbọ́n bàbá mi, Olúgbódi,
tó fi ọdún mọ́kàndínlógún fọ ilẹ̀ ọkọ̀ òkun,
ti ti àkàṣù ẹ̀kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan fún ọjọ́ mẹ́ta.
Ó ní, "Ṣubúọlá, èyí tí mo jẹ ní Yokohámà ni ẹnu mi ń béèrè,
ẹja tí iná kò rí,
tó dùbúlẹ̀ lórí ìrẹsì bí ọmọ lẹ́yìn ìyá."
Ẹja tí iná kò rí!
Àwa tí à ń yan ẹja
títí yóò fi gbàgbé pé òun mọ omi rí.

Mo kọ́kọ́ dé Ìpájà.
Pátákó gbàgàdà, àwòrán ẹja tó ń rẹ́rìn-ín.
Wọ́n já agolo sadíìnì,
wọ́n fi ìrẹsì wé e, wọ́n bu ata rodo lé e lórí,
wọ́n ní súṣì nìyẹn.
Ó dùn, n kò ní purọ́.
Mo jẹ ẹ́ tán kí n tó rántí
pé kì í ṣe èmi ni mo wá a fún.

Ní Ẹgbẹ́dá, inú fíríìsà ni wọ́n ti gbé tiwọn jáde,
ó ń dún kó-kó-kó lórí àwo.
Ọmọbìnrin náà wojú mi, àánú mi ṣe é:
"Mọ̀mí, ṣé kí n bá yín gbé e gbóná?"

Àwọn aládùúgbò ní Ìkòyí ni irú ẹ̀ wà.
Mo mọ̀.
Ṣùgbọ́n ẹja tó bá kúrò ní Ìkòyí lọ́sàn-án,
kó tó fojú kan Ayọ̀bọ́,
á ti di ọ̀rọ̀ mìíràn.

Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ télọ̀ mi ló júwe Bàrúwà:
ẹ̀yìn ilé-epo, ilẹ̀kùn aláwọ̀ búlúù, kò sí pátákó.
Tábìlì mẹ́ta péré.
Ràímì lorúkọ ọkùnrin náà;
ọ̀bẹ rẹ̀ wà nínú táwẹ́lì bí ọmọ àṣẹ̀ṣẹ̀wẹ̀.
Ó fi ìka tẹ ẹja lẹ́ẹ̀mejì,
ó gbé e sún mọ́ imú, ó dákẹ́.
"N kò tà lónìí."
Háà?
"Iná lọ láàárọ̀, yìnyín mi yọ́ ní ìwọ̀n ìka méjì.
Bí mo bá tà á fún yín, ẹ ò ní mọ̀.
Èmi á mọ̀."
Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní bàbá arúgbó ni,
ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́rin.
Ó ní, "Torí ẹ̀ gan-an ni."

Mo pòṣé títí mo fi délé.
Bàbá ní, "Ó gbóòórùn ẹja náà, ó sì kọ̀?"
Mo ní ó kọ̀.
"O kówó lé e lọ́wọ́, ó ṣì kọ̀?"
Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sinmi.
Bàbá ti sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì,
ó ń fi ọ̀pá wá bàtà nísàlẹ̀:
"A ti rí i nìyẹn."

Ọjọ́bọ̀ ni kúta dé láti Àgbádárìgì kí ilẹ̀ tó mọ́.
Ọwọ́ bàbá ń gbọ̀n, igi tẹ́ẹ́rẹ́ méjì náà já bọ́;
Ràímì ní ọwọ́ lásán kò lẹ́ṣẹ̀,
àwọn tó ni ín gan-an ń fọwọ́ jẹ ẹ́.
Bàbá jẹ márùn-ún, kò sọ̀rọ̀.
Ó ti ẹ̀kẹfà sọ́dọ̀ mi.

Òtútù ni mo kọ́kọ́ pàdé,
lẹ́yìn náà, ohun kan tó rọ̀, tó dùn díẹ̀,
tí n kò tíì mọ orúkọ tí n óò pè é
nígbà tí iná tún lọ.

Ràímì wo yìnyín rẹ̀,
ó wo bàbá mi,
ó ní, "Ẹ tètè máa jẹ ẹ́."