Òòfà Nínú Àpò

Mo fi òòfà sápò kí n tó jáde lọ sí Bàbókò,
òòfà tí mo yọ lẹ́yìn rédíò kan tó ti kú,
torí ọ̀dà a máa purọ́,
ẹni tó ń ta kẹ̀kẹ́ náà, lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Sàádù ti tò wọ́n sára ògiri bí àgbò tó ku ọ̀la Iléyá,
tòkunbọ̀ mọ́kànlélógún,
eruku ọkọ̀ ojú omi ṣì wà lára wọn.
“Èyí ni kóo mú, Tíṣà. Ìka kan lo máa fi gbé e.”
Mo fi ìka kan gbé e lóòótọ́.
Ó fúyẹ́ bí ìlérí ẹni tó fẹ́ yáwó.
Mo gbé òòfà sí i lára,
òòfà já bọ́, kò tilẹ̀ ṣe bí ẹni rí i.
Àlùmíníọ́mù.
Ohun tí wọ́n fi ń rọ ìkòkò ọbẹ̀ nílé wa.
Bó bá kán mọ́ mi lábẹ́ lọ́jọ́ kan nídìí afárá Àmílẹ́gbẹ́,
wẹ́dà wo ni yóò gbà á lọ́wọ́ mi?
Irin ni wọ́n mọ̀ níbẹ̀. Irin ni èmi náà mọ̀.

Ẹ̀yìn pátápátá ni mo ti rí i, lábẹ́ tapólì,
aláwọ̀ ewé tó ti gbó,
ọ̀pá rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ó tọ́ gbọnrangandan,
ọwọ́ rẹ̀ ká wálẹ̀ bí ìwo àgbò,
ọwọ́ jíà méjì dúró lára ọ̀pá ìsàlẹ̀ bí etí ewúrẹ́.
Gbogbo oríkèé rẹ̀, idẹ ni wọ́n fi so ó,
wọ́n wá fín etí wọn yíká bí ẹni fín igbá,
níbi tí ojú ẹnikẹ́ni kì í dé.
Ta ni ẹni náà?
Ta ló sọ fún un pé èmi yóò bẹ̀rẹ̀ wò ó?

Òòfà lẹ̀ mọ́ ọn, mo ní láti fà á kó tó gbà.
Mo fi eegun ìka kàn án:
*gbin-in*,
ohùn náà pẹ́ kó tó sùn.

“Kẹ̀kẹ́ àwọn bàbá àgbà nìyẹn,” Sàádù ń rẹ́rìn-ín.
N kò dá a lóhùn. Ìyá mi ni mo ń rò,
amọ̀kòkò Òkèlélé,
tí kì í gbé ìkòkò fún oníbàárà
àfi bó bá kàn án létí lákọ̀ọ́kọ́.
Èyí tó bá dákẹ́, á yà á sọ́tọ̀:
ó ti sán nínú.

A jọ bẹ̀rẹ̀ sí í wo ìyókù.
Ó ti dógùn-ún díẹ̀ nísàlẹ̀ pẹ́dà, kò wọ inú.
Ìka méjì gba àárín táyà àti fọ́ọ̀kì,
ìyẹn ni pé n ó lè fi táyà tó sanra sí i,
torí ihò ọ̀nà Sángò kì í bọ̀wọ̀ fún tẹ́ẹ́rẹ́.
Mọ́dígáàdì kò sí, bẹ́ẹ̀ kaftáànì mi funfun.
Mo ní kó fa ọwọ́ rẹ̀ sókè díẹ̀,
mo ti lé láàádọ́ta ọdún, ẹ̀yìn mi kì í ṣe ti ọmọ eléré ìje.
Ó pè é ní àádọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún.
Oòrùn yí, a ṣì wà lẹ́nu rẹ̀.
Mo san ẹgbẹ̀rún márùndínláàádọ́rin,
ó fún mi ní páǹpù, inú bí i díẹ̀.

Mo gùn ún délé. Irin di ìrìn lábẹ́ mi;
gbogbo gbágungbàgun ọ̀nà, ó gbà á mọ́ra,
ó fún mi ní èyí tí mo lè gbé.

Ìyá jáde, ojú rẹ̀ ti di bàìbàì.
Kò béèrè iye.
Ó fọwọ́ tó kún fún amọ̀ wá ọ̀pá òkè,
ó kàn án lẹ́ẹ̀mejì, ó dẹtí.
“Kò sán,” ó ní,
ó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Àwáwù, ìyàwó mi, ló béèrè ibi tí òun máa jókòó.
N kò tíì ra kárìà.