Àpótí Mẹ́ta

Abẹ́ agboòrùn ni ṣọ́ọ̀bù mi, lẹ́yìn kóòtù Ìgbóṣẹ̀rẹ̀:
tábìlì kan, àga méjì, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí bàbá mi fi sílẹ̀.
Kò ní àmì ìsàlẹ̀. Bí mo bá tẹ orúkọ ènìyàn tán,
báírò ni mo fi ń tọ́ ọ sí i lábẹ́ níkọ̀ọ̀kan,
bí ẹni ń wọ́n iyọ̀ sọ́bẹ̀.

Ọjọ́ Tọ́sìdeè kan, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá,
ni Sẹ́wánú Ahọ́nsù wá láti Mákòókò.
Ọ̀rá mẹ́ta ló fi di ìwé rẹ̀, bí ẹni di ẹja gbígbẹ.
Ó ní, "Akọ̀wé, bá mi kọ ọ́.
Mo fẹ́ di ọmọ ìlú yìí kí n tó kú síbẹ̀."

Mo tẹ́ fọ́ọ̀mù. Àpótí mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀.
Èwo ni tiyín, Bàbá?

Nípa ìbí? Ó rẹ́rìn-ín.
Etí ọ̀sà ni wọ́n bí i sí, lọ́hùn-ún lẹ́yìn Sẹ̀mẹ̀.
Bàbá bàbá rẹ̀ ń tún àwọ̀n ṣe lọ́wọ́
nígbà tí òyìnbó méjì fi rúlà la omi:
ìkòkò ọbẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ Faransé,
ààrò bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì.
Èdè tí wọ́n ń sọ ní Àgbádárìgì
ni ìyá rẹ̀ fi ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún.

Nípa ìforúkọsílẹ̀?
Aya tí ọmọ ìlú fẹ́ ni wọ́n ṣe ìyẹn fún.
Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó nìyàwó rẹ̀, ọdún mọ́kànlélógójì,
ọmọ márùn-ún. Ṣùgbọ́n ọkùnrin lòun.

Ó ku ìsọdọmọ. Ẹni tó bá ti gbé ibí fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.
Ó ti gbé e ní ìlọ́po mẹ́ta àti jù bẹ́ẹ̀ lọ,
nínú ilé orí òpó tí kò ní nọ́ńbà.
"Ìwé ilé dà?"
"Omi ni lańlọ́ọ̀dù mi.
Ta ní ń gba rìsíìtì lọ́wọ́ ọ̀sà?"

Ó wáá tú ọ̀rá kẹta.
Ìwé àwọn ológun, ó ti pọ́n bí omi ògì bàbà.
Ọdún ogun, ní bárékè Yaba, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni.
Kò sẹ́ni tó bi í níbi tí wọ́n bí i sí.
Wọ́n bi í bóyá ó mọ odò wẹ̀.

Wọ́n ní àlejò lójú, kò fi ríran.
Ojú méjì lèyí gbé dé;
ó fi ọ̀kan sílẹ̀ lójú ogun,
létí odò kan tí kì í fẹ́ dárúkọ.

"Àpótí ti èyí ńkọ́?"

Mo wo iwájú fọ́ọ̀mù. Mo wo ẹ̀yìn.

"Ọmọ ọmọ mi, Máwutin, wà ní Amẹ́ríkà.
Ó wọ káki wọn. Ó ní bóun bá gbé ìbọn wọn pẹ́ díẹ̀,
wọn á pe òun sí gbọ̀ngàn kan, òun á na ọwọ́ sókè,
ó parí. Akọ̀wé, kí ló dé tí tiwọn fi ní àpótí?"

Mo ń nu ẹ̀rọ tí kò dọ̀tí.

Àpótí kẹta ni mo fàmì sí.
Ní ẹ̀gbẹ́ ìwé, níbi tí wọ́n ní ká má kọ nǹkan kan sí,
ó ní kí n tẹ̀ ẹ́: *Ó mọ odò wẹ̀.*
Mo tẹ̀ ẹ́. Mo mú báírò,
mo fi àmì sábẹ́ orúkọ rẹ̀, mo rọra ṣe é,
bí ẹni ń fi ìkà ọwọ́ kan ojú tó ń dunni.

Mo ní kó fowó rẹ̀ sápò.
Ojú kan ṣoṣo yẹn wò mí, mo sì wolẹ̀.
Ó fi ẹgbẹ̀rún méjì lé orí ẹ̀rọ.
"Gbà á. Àlejò là ń ṣe lóore.
Ọmọ ilé a máa sanwó."

Ó sì dúró níbẹ̀, nínú ẹ̀kán òjò tó tún bẹ̀rẹ̀,
títí mo fi wá ṣéńjì rẹ̀ jáde.