Orúkọ Tí Mo Kọ Síwájú Orí Irin

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ.
Ilé ta ni wọ́n wò kí wọ́n tó sọ ọkọ̀ panápaná?

Ọ̀gá Òṣíbógùn ránṣẹ́ sí mi ní Mákùn,
èmi Láṣilé, a-kọ-pátákó,
pé kí n wá tún lẹ́tà iwájú ọkọ̀ pupa kọ,
èyí tó ti jókòó sábẹ́ igi máńgòrò láti ìgbà òjò,
tí adìẹ ń yé sábẹ́ ẹ́ńjìnnì rẹ̀.

Lẹ́tà méje ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.
Méjì ti já bọ́, ó ku M, A, G, I, R.
Mo ní, "Kí lẹ fẹ́ kí n kọ?"
Ó ní, "Ohun tó wà níbẹ̀."
Mo ní ohun tó wà níbẹ̀ kò pé.
Ó fi bírò họ orí, ó wọlé lọ wá ìwé.

Ní Ṣágámù níbí, a ti ka orúkọ náà tán fúnra wa tipẹ́.
Màmá mi kà á sí Má-Gìrì.
Bí fèrè rẹ̀ bá ń ké bọ̀ láti ọ̀nà Ọ̀fin,
wọ́n á ní, "Má-Gìrì ti dé, ẹ má ta gìrì,"
ìlú á sì ta gìrì,
àwọn tó ń bó obì á dìde pẹ̀lú èèpo lára ìró,
ọmọdé á sáré tẹ̀lé e títí bàtà á fi bọ́.
Mo gbà pé ẹni rere ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀,
bí ìyá tó sọ àbíkú ní Málọmọ́,
tó ń fi orúkọ bẹ̀bẹ̀.

Ìwé dé. Ewé rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ra.
Ọ̀gá ní orúkọ ènìyàn ni.
Ọkùnrin kan ní ìlú Úlùmù, nílẹ̀ Jámánì,
oníṣòwò ni, ó kó panápaná ìlú rẹ̀ jọ,
ó ronú kan àkàbà tó ń yí lórí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́,
wọ́n sì fi orúkọ ìdílé rẹ̀ sára irin.
Ó ní Dẹ́nísì ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà,
tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ni, kẹ̀kẹ́ ológeere ni wọ́n kọ́kọ́ ń ṣe.
Mo dákẹ́.
Ó ṣe mí bí ẹni tó ti ń kí ará ilé fún ogójì ọdún
tó wá gbọ́ pé àlejò ni.

Ṣùgbọ́n ta ló gun àkàbà yẹn
lọ́dún tí ilé obì Màlámù Sánní jó ní Sábó?
Odùfúwà ni, ọmọ Ìṣarà.
Agbọ̀n gbànja ń jó, èéfín korò bí obì fúnra rẹ̀.
Omi tán nínú táńkì.
Ó ṣì wà lókè, ó ń fọwọ́ ya páànù
kí ọmọ aláàárù tó há sínú àjà lè rí ojú ọ̀run.
Ọmọ náà bọ́ sílẹ̀.
Àjà náà tẹ̀lé e.
Mi ò ní sọ ìyókù.

Títí dòní ní Sábó, bí ọkọ̀ pupa bá ti ń bọ̀,
ibi yòówù kí wọ́n ti rọ ọ́,
àwọn ọmọ tí kò bá a láyé á kígbe,
"Fúwà! Fúwà ń bọ̀!"
Wọn ò mọ̀ pé ènìyàn ni.
Wọ́n rò pé ohun tí à ń pe ọkọ̀ nìyẹn.

Mo kọ lẹ́tà méje, mo fi ọ̀dà funfun yí i po.
U wọ́ díẹ̀, Ọ̀gá ò rí i.
Mo wá rá wọ abẹ́ àkàbà,
níbi tí ọ̀gá kankan kì í bẹ̀rẹ̀ wò,
mo kọ ọ́ síbẹ̀, kékeré, pẹ̀lú gbogbo àmì ohùn rẹ̀,
kí ẹnikẹ́ni má baà kà á sí nǹkan mìíràn:
Odùfúwà.
Adìẹ kan ń wò mí.

Owó iṣẹ́ ńkọ́? Wọ́n ní kí n padà wá lọ́jọ́ Ẹtì.
Ẹtì mẹ́ta ló ti yẹ̀.